Ìyá Elélùbọ́ Tó Kọ Transfer: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ọjà Ọba, Òṣogbo

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọjà Ọba kò tóbi rárá. Elélùbọ́ wà níbẹ̀, onígàrí, ẹlẹ́wà, aláta, àti àwọn aláàdìrẹ díẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ pinnu pé kí oníkálukú máa san owó rẹ̀ sí àkáǹtì ẹgbẹ́ láti orí fóònù, torí pé kíkó owó rìn lọ́jọ́ ìpàdé ti ń já wa láyà, ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu pé òun ò ní ṣe é ni Ìyá Elélùbọ́. Òun náà ló sì ń fi owó pamọ́ jù nínú ẹgbẹ́. Bí òun bá ti kọ̀, gbogbo ìlà ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti kọ̀ nìyẹn. Ni wọ́n bá ní kí n lọ jókòó tì í, kí n mọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́, kí n sì kọ ọ́ wá. Ohun tí mo kọ fún wọn ni mo tún ṣe báyìí, kí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lè rí i kà. Màmá mọ̀ pé mo ń kọ ọ́. Ó ní kí n ṣáà má fi orúkọ òun sí i.

Àlàyé tí ìgbìmọ̀ ti ní lọ́wọ́ kí n tó lọ ni pé àgbàlagbà ni, kò kàwé, ẹ̀rọ ń bà á lẹ́rù. Àlàyé yẹn rọrùn láti sọ, torí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi ẹni tí kò sí níjokòó. Ẹni tó bá lo àárọ̀ kan ní ìsọ̀ màmá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ kún fún ìlà ṣọ́ọ̀kì: ìlà gígùn fún ẹgbẹ̀rún kan, ìlà kúkúrú fún ọgọ́rùn-ún, àmì róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè tí wọ́n ti san díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ra kóńgò mẹ́tàdínlógún lójú mi, ó ní kí màmá dín owó díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òun. Kí n tó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò mi tán, màmá ti dá iye tó kù, ó ti ń so ẹnu àpò. Nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà rẹ̀, orí ló kó wọn sí. Nọ́ńbà mẹ́wàá tí àkáǹtì ní kò lè lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sá.

Ọdún tí owó wọ́n

Màmá ti gba transfer rí. Èyí ló yẹ kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, kéde pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000 sí tuntun. Àárín oṣù Kejìlá ni owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023, ti àtijọ́ ò ní ṣe é ná mọ́. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Tuntun kò tó, wọ́n sì ti kó àtijọ́ lọ. Ẹni tó wà ní Òṣogbo lásìkò yẹn á rántí bí èrò ṣe ń tò síwájú báńkì láti ìdájí, bí àwọn oní-POS sì ṣe ń fi owó pawó: o fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́, wọ́n ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lé ọ lọ́wọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí a ṣì máa ná àtijọ́ títí ọdún yóò fi parí, ara tó wá ń tu ọjà díẹ̀díẹ̀.

Èlùbọ́ wà nílẹ̀ nígbà náà, ẹni tí ebi ń pa wà, owó tí wọn yóò fi rà á ni kò sí. Màmá ní kí wọ́n máa san án sí àkáǹtì ọmọ ọmọ òun. Gbogbo Nàìjíríà ló ń ṣe transfer lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn báńkì ò gbé e. Owó á kúrò lápò ẹni tó san án, kò ní dé ibi tó ń lọ, èlùbọ́ á sì ti bá ọ̀kadà lọ. Àwọn kan padà wá, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n tún owó san. Àwọn kan ò yọjú mọ́. Ọ̀kan wà tó fi alert han màmá lójú fóònù tirẹ̀, orúkọ pé, iye pé, ọjọ́ pé. Ayédèrú ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe owó tó bá èyí lọ ló ń mú kí ohùn màmá yí padà bó bá ń sọ ìtàn yìí. Ọmọ ọmọ yẹn ni. Ọmọ náà kì í ṣe olè. Ó mú díẹ̀ san owó ilé-ìwé, ó ní òun á dá a padà, ó sì dá èyí tó pọ̀ níbẹ̀ padà. Ohun tó dun màmá ni pé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òun tó ti ń tajà kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ náà ló ń dúró kí ọmọ ti ilé-ìwé dé kí òun tó mọ iye tí òun pa.

Ó ní, "Akọ̀wé, owó tí mo bá so mọ́ etí ìró, ta ni n ó bi pé èló ni? Ọwọ́ mi ni mo fi so ó. Ti inú fóònù yìí, ọmọ ló ń bá mi kà á. Ọjọ́ tí inú ọmọ ò bá dùn, n ò mọ iye tí mo ní."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Lójú tèmi, òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, àwọn yòókù kàn ti ibẹ̀ yọ ni.

Nígbà tí owó padà sígboro, ó ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ sára pákó gàdàgbà: KÒ SÍ TRANSFER. Pákó náà lé oníbàárà. Ìyá olóúnjẹ kan lápá Ọláìyà, tó máa ń ra èlùbọ́ ní àpò-àpò fún àmàlà, kò rí owó gidi mú wá mọ́, torí transfer ni àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà ń san. Ó yà sí ọjà Ìgbọ̀nà. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní oṣù Kẹjọ, tí àlejò kún ìlú, tí gbogbo wọn ń béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, màmá á jókòó, á máa wo àwọn tó ń tà.

Orúkọ méjì, ọdún ìbí méjì

Mo béèrè pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ò ní àkáǹtì ni, Màmá?" Ó ní òun ní, wọ́n ti tì í.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, CBN pàṣẹ fún àwọn báńkì pé, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2024, kí wọ́n ti àkáǹtì yòówù tí BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) tàbí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba) kò bá sí lórí rẹ̀. Màmá ní BVN, ó sì ní NIN. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó so èyíkéyìí nínú wọn mọ́ àkáǹtì àtijọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ so wọ́n, méjèèjì ò bára wọn mu.

Nígbà BVN, akọ̀wé báńkì béèrè ọdún tí wọ́n bí i. Màmá ní òun ti ń bá wọn pọnmi nígbà òmìnira. Akọ̀wé ṣírò ṣírò, ó kọ 1953. Nígbà NIN, akọ̀wé ibòmíràn gbọ́ "òmìnira" nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kọ 1960, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Orúkọ mùsùlùmí rẹ̀ ní "h" nínú èyí kan, kò ní in nínú èkejì. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí BVN, síìmù rẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó ń lò báyìí, orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ká tún wá sọ ti ìka. Ẹni tó ti ń fọwọ́ pọn èlùbọ́, tó ń so okùn àpò láti ìgbà ọ̀dọ́, ìlà orí ìka rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín dáadáa." Màmá wò ó títí. Ó ní, "Ọwọ́ tí mo fi tọ́ ọmọ méje ni kò mọ́ yìí?" Ó fọ̀ ọ́ ṣá, ó fi ìpara pa á, àtàǹpàkò òsì ló gbà níkẹyìn.

A bi ara wa pé èwo ni ká tún ṣe nínú ọdún ìbí méjèèjì. Títún ọjọ́ ìbí ṣe lórí NIN ti lé ní ₦28,000 láti ọdún 2025, owó àpò ẹni tí kò ṣe àṣìṣe kankan ni yóò sì ti jáde. A fi NIN sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ní kí báńkì tún BVN ṣe kó bá a mu: ìwé ìbúra láti kóòtù, fọ́ọ̀mù, fọ́tò, "ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé". Lẹ́yìn ìyẹn ni síìmù tuntun ní orúkọ tirẹ̀. Ìdí èyí la pẹ́ sí jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe, kò sì kan bóyá màmá fẹ́ lo fóònù tàbí kò fẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń polówó áàpù wọn a máa wá sọ́jà pẹ̀lú gbohùngbohùn, wọ́n á pín fìlà àti agbòòrùn. Ká ní akọ̀wé kan tó ní sùúrù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tó jí pépé ni wọ́n gbé wá, kí wọ́n jókòó sábẹ́ agbòòrùn náà fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn ì bá rí oníbàárà ju èyí tí fìlà ń mú wá lọ.

Owó tí kò dé Ṣakí

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ fara balẹ̀ kà.

Ṣakí ni èlùbọ́ màmá ti ń wá. Alágbàtà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò tipẹ́, ìyẹn náà sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní oko. Àgbẹ̀ oko ò gba transfer, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kì í dúró, báńkì sì jìnnà. Torí náà owó gidi ni alágbàtà ń gbà, owó gidi ni màmá sì gbọ́dọ̀ ní. Dírẹ́bà ló ń bá a gbé e lọ, nínú àpò tí wọ́n dì mọ́ abẹ́ ìjókòó.

Ká ní màmá gba ₦400,000 sórí fóònù. Kó tó lè fi ra ọjà, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di owó gidi. Ìlànà CBN ti oṣù Kejìlá ọdún 2024 ní ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lóòjọ́ lọ́dọ̀ oní-POS. Ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Àwọn oní-POS ẹ̀gbẹ́ wa ń gba ₦100 lórí ₦5,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ nìyẹn, kó tó ra kóńgò èlùbọ́ kan. Kó lọ sí báńkì ńkọ́? Ta ni yóò jókòó sí ìsọ̀? Owó tí báńkì náà ń yọ tún wà níbẹ̀: ₦50 ìjọba lórí gbogbo transfer tó bá tó ₦10,000, èyí tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á tẹ́lẹ̀, kó tó di ti ẹni tó fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, àti SMS alert tó ti di ₦6 ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ń sọ fún màmá pé transfer rọrùn. Ó rọrùn fún ẹni tó ń rà. Ẹni tó ń tà ló ń ru ẹrù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fún ọ ní owó tí ẹni tí o fẹ́ fún kò ní gbà, ìyà ló fún ọ, ìyà náà sì ní owó orí. Màmá ti ṣírò gbogbo èyí lórí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n tó dé. Ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí n lọ kọ́ ọ, òun ló yẹ kó kọ́ wa.

Mo tilẹ̀ wò ó pé láti ọdún 2012, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò àìlo owó gidi ní Èkó, títí dé eNaira, náìrà orí fóònù tí CBN gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń náwó ni gbogbo ìpolówó ń kọjú sí. Ní ìlà ìsọ̀ wa, n kò tíì rí ẹni tó béèrè fún eNaira láti fi ra èlùbọ́.

Ohun tó wá yí màmá lọ́kàn padà, kì í ṣe èmi. Alágbàtà Ṣakí ló pè é lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀nà ti ń bà á lẹ́rù, dírẹ́bà náà ò fẹ́ gbé owó ńlá mọ́, owó epo ọkọ̀ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti di ohun tó ń san lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì. Ẹ máa fi ìdajì sí àkáǹtì mi, kí n fi gbọ́ tèmi. Ẹ máa fi ìdajì tó kù rán dírẹ́bà fún àwọn ará oko." Lọ́jọ́ kejì, kí n tó kí màmá tán, ó ti ní, "Akọ̀wé, báńkì yẹn, ìgbà wo la ń lọ?"

Bí a ṣe ṣe é

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni màmá ń lò, kò sì ní èrò láti rà míràn. A ò fi agídí ra ńlá fún un. Kóòdù USSD ló ń tẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí fóònù kékeré fi ń bá báńkì sọ̀rọ̀ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kóòdù ò ní sùúrù: kó tó rí nọ́ńbà tó kàn, ojú fóònù ti ṣú, ó di kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbàkígbà tó bá wọlé, ₦6.98 ni. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, orí airtime ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe inú àkáǹtì mọ́. Màmá kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ń jí kírẹ́dìtì òun lò.

Òun àti onígàrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Wọ́n ń fi ₦100 ránṣẹ́ sí ara wọn, èyí á fi ránṣẹ́, ìyẹn á dá a padà, báńkì ń yọ ₦10 ₦10 títí ọgọ́rùn-ún náìrà náà fi rù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi òmíràn sí i. Mo rí i níbẹ̀ pé ohun tí àgbàlagbà méjì fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ kọ́ máa ń wọlé ju èyí tí ọmọdé dúró lé wọn lórí kọ́ lọ. PIN rẹ̀, òun ló yàn án. Kì í ṣe 1953, kì í ṣe 1960. Ìyẹn nìkan ni mo lè fi dá yín lójú, torí kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì béèrè.

Ti alert ló kù. Ó ní òun ò ní wo fóònù oníbàárà mọ́ láéláé. A gba ẹ̀rọ POS kékeré kan tó ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, ní orúkọ màmá: bí owó bá wọlé, ẹ̀rọ náà á dún, á sì tẹ ìwé jáde. Màmá kọ nọ́ńbà náà gàdàgàdà sára páálí. Bí ìwé bá jáde, á fà á ya, á fojú wá iye tó wà níbẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á wá ki ìwé bọ inú agolo mílíìkì. Lálẹ́, ìlà àti ìwé gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kò sí ọmọ tó ń bá a kà á.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra kóńgò mẹ́wàá, tó na fóònù síwájú màmá: "Màmá, ó ti lọ o, ẹ wò ó." Màmá ò wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹnu àpò. Ó ní, "Ó ti lọ lọ́dọ̀ rẹ. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé òun ń kánjú, pé ọkọ̀ ń dúró. Màmá ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún un. Ó jókòó díẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, kò padà wá. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni lóòótọ́, bóyá kì í ṣe òun, èlùbọ́ wà nílẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́, a ṣe àtúnṣe kan tí n kò rò pé yóò ní ipa tó bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ènìyàn tó gbà láti san owó sí àkáǹtì, wọ́n ń béèrè pé ta ni àwọn á rí mú bó bá sọnù. Alájọ, wọ́n mọ ojú rẹ̀, wọ́n mọ ilé ìyá rẹ̀. Àkáǹtì ò ní ojú. A bá fi í sí ètò ìpàdé pé kí n máa ka owó tó wọlé fún oníkálukú sókè, kí ẹni tó ni ín dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n tún kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a ka tirẹ̀ sókè, mo ń fi hàn án ní kọ̀rọ̀, torí kì í ṣe gbogbo obìnrin ló fẹ́ kí ará ilé òun mọ iye tí òun ní. Lẹ́yìn ìpàdé bíi mélòó kan, ariwo "ta la máa rí mú" lọ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ wá ń dùn bí oyin. Owó kan tí màmá fi ránṣẹ́ sí Ṣakí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò dé ọ̀hún. Ìlànà CBN wà láti ọdún 2020 lórí iye wákàtí tí báńkì ní láti fi dá owó tó bá há padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé ìlànà wà ló lè tọ́ka sí i. A lọ, a kọ ìwé, a mú ọjọ́ àti àkókò dání, owó padà. Ká ní màmá nìkan ló lọ, mo rò pé "ẹ padà wá lọ́la" ni ì bá máa gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó orí. Lápá ìparí ọdún 2025, àhesọ gba ọjà kan pé tó bá ti di oṣù Kìíní 2026, ìjọba á máa gé owó nínú gbogbo transfer tó bá wọlé. Onígàrí àti ẹlẹ́wà padà sí owó gidi lójú ẹsẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, ṣùgbọ́n orí ohun tó bá wọlé fún ènìyàn lọ́dún ló wà, ẹni tí ohun tó ń wọlé fún un tí owó orí kàn kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò sì ní san kọ́bọ̀. Mo ṣàlàyé èyí ní ìpàdé. Màmá nawọ́, ó ní, "Owó Ṣakí tó kàn ń gba ọwọ́ mi kọjá ńkọ́? Wọ́n á ha kà á sí tèmi?" Ìbéèrè yẹn ju ti ọ̀pọ̀ akọ̀wé lọ. Mo ní kì í ṣe èrè, ṣùgbọ́n ìwé ni yóò fi hàn pé kì í ṣe èrè. Láti ọjọ́ náà ni ìwé tó ń ti Ṣakí bọ̀ ti ní agolo tirẹ̀.

Ibi tó dé

Ìyá olóúnjẹ Ọláìyà ti padà sọ́dọ̀ màmá. Màmá ní òfin tirẹ̀ báyìí: ohun tí kò bá tó ₦1,000, owó gidi ni, ohun tó bá jù ú lọ, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ̀rọ. Ìdajì owó Ṣakí ń lọ lórí fóònù, ìdajì ṣì ń wọ ọkọ̀, yóò sì máa wọ̀ ọ́ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé oko àwọn tó ń gbin iṣu.

Aláta ní tirẹ̀ kò bọ́ sí i, n kò sì rọ̀ ọ́. Ata ₦200 ni ọ̀pọ̀ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnì kan tún san ₦10 fún báńkì lórí ata igba náìrà, kí aláta sì dá iṣẹ́ dúró kó máa retí ohùn ẹ̀rọ nígbà tí èèyàn mẹ́fà dúró lórí rẹ̀, kò bọ́gbọ́n mu. Mo kọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa mú owó rẹ̀ wá sí ìpàdé bó ṣe ń mú un wá. Àwọn kan nínú wọn ò fẹ́, wọ́n ní òfin ò gbọdọ̀ ní ojúsàájú. A jiyàn lé e lórí. Ó ṣì ń mú un wá.

Nínú àwọn tó kù tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ̀ ló ní irú àìsàn orúkọ méjì tí màmá ní. Ìgbìmọ̀ ti gbà pé àpò ẹgbẹ́ ni yóò san owó ìwé ìbúra, kí a sì kó wọn lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀kan náà dípò kí oníkálukú máa dá lọ jẹ ìyà. Màmá ní òun á bá wa lọ, torí òun mọ ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka dáadáa báyìí, kí ó má baà tún ní kí ẹnikẹ́ni lọ fọ ọwọ́. Onígàrí ló kàn.